Ṣọkọ Yọ̀kọ̀tọ̀: Ẹ̀fọ́ Ilẹ̀ Wa, Ara Wíwú àti Ara Sísanra

  

1. Ìfáàrà

Nígbà tí a kéde àkọlé ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ oníṣègùn bi mí léèrè pé kí ni ti onímọ̀ èdè nínú ọ̀ràn ẹ̀fọ́. Mo dá a lóhùn pé orúkọ ẹ̀fọ́ ni ó mú mi dé ìdí ẹ̀fọ́. Ẹ wo ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀. Gbólóhùn ni orúkọ náà: ẹ̀fọ́ tí ń ṣe ọkọ ní yọ̀kọ̀tọ̀, èyíinì ni pé kí ọkọ jẹ ẹ́, kí ara rẹ̀ kún, kí ó sì máa dán. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ wọn yóò máa ra ẹ̀fọ́ kan náà lọ́jà nítorí kí ara wọn lè fúyẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí lónìí. Ohun tí ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí omi tí ó dúró sí ara òun fà, tí ó sì fẹ́ kí ìwọ̀n ara òun dín kù, kí ó tẹra mọ́ ẹ̀fọ́ jíjẹ. Ta ni kí a gbà gbọ́ nígbà náà? Ṣé àwọn àgbà tí wọ́n ní ẹ̀fọ́ a máa mú ara kún ni, tàbí àwọn ọmọ ìwòyí tí wọ́n ní a máa mú ara fúyẹ́? Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín ni pé ìhà méjèèjì ní òtítọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe ń wọlé láàárín ọ̀rọ̀ méjì tí a ti jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ méjì náà ni wíwú àti sísanra. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ̀fọ́ yóò ṣe é lóore púpọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè jókòó ti ẹ̀fọ́ títí àrùn yóò fi bá a tán.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá kan wà ní agbo ilé wa, aya àbúrò bàbá mi ni. Mo dé fún ìsinmi láti ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún kan, mo sì rí i pé ara rẹ̀ ti kún ju bí mo ti fi í sílẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ni ó ń kí i pé ayé ń yẹ ẹ́. Èmi náà dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyá, ara yín mà dán o." Ó rẹ́rìn-ín, ó súre fún mi. Bàtà kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà náà, òrùka kò sì ṣeé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí kíkún náà kò dáwọ́ dúró, àwọn alábàárò rẹ̀ gbà á níyànjú pé kí ó fi iṣu sílẹ̀, kí ó máa jẹ ewédú àti ẹ̀fọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Káún ni wọ́n fi ń se ewédú náà, iyọ̀ inú obẹ̀ kò sì dín. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́ jìnnà. Kò lo ọdún náà tán. Ẹ̀fọ́ kọ́ ni ó pa á, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí títí di òní ni kíkí tí mo kí i.

2. Ohun tí ó wú àti ẹni tí ó sanra

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Ohun tí ó wú ni ohun tí nǹkan mìíràn wọ inú rẹ̀ tí ó fi tóbi. Gàárì tí a da omi sí a máa wú. Ẹ̀wà tí a rẹ a máa wú. Ẹsẹ̀ tí ó gbọgbẹ́ a máa wú. Ẹni tí ó sanra yàtọ̀: ẹran ara rẹ̀ àti ọ̀rá ara rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ àsunkùn fún àrùn tí omi fi ń gbá jọ sí ara ènìyàn. Nítorí náà, èdè wa kò ṣe aláìní. Àwa tí a ń sọ ọ́ ni a ń wo ẹni tí ó wú tí a sì ń kí i bí ẹni tí ó sanra.

Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni fi lè wò ó nínú ilé ara rẹ̀. Kí ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mọ́ egungun, kí ó rọra kà á dé mẹ́wàá, kí ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá ni, ibẹ̀ yóò padà sí bí ó ti wà lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi ni, kòtò kékeré yóò ṣẹ́ kù, yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dí. Omi a máa tẹ̀ lé ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, tàbí tí ó dúró pẹ́ níbi iṣẹ́, fi máa ń wú ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ń fà bí ó bá sùn di òwúrọ̀. Ọ̀rá kì í lọ kì í bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n tún lè tàn wá jẹ. Lítà omi kan kò yàtọ̀ sí kìló kan lórí òṣùwọ̀n. Bí lítà méjì bá dúró sí ara ènìyàn, yóò wúwo sí i ní kìló méjì láìfi ọ̀rá kan kún ara. Ọ̀rá ní tirẹ̀ kì í tètè lọ. Nǹkan bí 7,700 kálórì ni agbára tí ó wà nínú kìló kan ọ̀rá ara. Ẹni tí ó bá fi 500 kálórì dín oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kù yóò lo nǹkan bí ọjọ́ 15 kí ó tó rí kìló kan yọ. Ẹ wá wo ẹni tí ó ní ìwọ̀n òun fi kìló mẹ́ta wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí òun fi jẹ ẹ̀fọ́. Kò purọ́, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó lọ. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan wa ní irú ṣúgà kan tí wọ́n fi pamọ́ de ìgbà àìní, gíráàmù kan rẹ̀ a sì máa di omi tí ó tó gíráàmù mẹ́ta mú. Bí a bá dín iṣu àti ẹ̀bà kù lójijì, ara yóò ná ṣúgà yìí, omi rẹ̀ yóò sì bá ìtọ̀ lọ. Ọjọ́ tí a bá padà sí ìdí ẹ̀bà ni omi náà yóò padà.

3. Iyọ̀ ni ó ń di omi mú

Kí ni ó ń dá omi dúró sí ara? Ìdí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó kan ìkòkò obẹ̀ wa ni iyọ̀. Omi iyọ̀ tí a ń fà sí ara aláìsàn ní ilé ìwòsàn ní iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà kan. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí agbára iyọ̀ rẹ̀ má baà yàtọ̀ sí ti omi tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa àti láyìíká àwọn sẹ́ẹ̀lì ara. Ara kò gbà kí ìwọ̀n náà yí padà. Bí iyọ̀ gíráàmù 9 bá wọlé tí kò sì jáde, òùngbẹ yóò gbẹ wá, kíndìnrín yóò dá omi dúró, títí nǹkan bí lítà kan yóò fi kún omi ara. Kìló kan nìyẹn lórí òṣùwọ̀n, láti inú iyọ̀ tí kò kún ṣíbí ìmutíì méjì.

Kíndìnrín tí ó le yóò tọ iyọ̀ náà dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí ó ti rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ṣe tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ. Iyọ̀ inú búrẹ́dì, ti ẹja oníyọ̀ àti ti máàgì wà nínú kíkà náà, kì í ṣe èyí tí a fi ọwọ́ wa bù sí obẹ̀ nìkan.

Ibí yìí ni ẹ̀fọ́ ti wọlé. Sódíọ̀mù ni apá iyọ̀ tí ń di omi mú. Pọ̀tásíọ̀mù ni ẹnìkejì rẹ̀, inú ewé, èso àti ẹ̀wà ni ó sì pọ̀ sí. Bí pọ̀tásíọ̀mù bá pọ̀ nínú oúnjẹ, kíndìnrín tí ó le a máa jẹ́ kí sódíọ̀mù bá ìtọ̀ jáde sí i. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹ̀fọ́ ń fa omi bí kànìnkànìn. Ó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti tú ohun tí ó so omi mọ́lẹ̀ ni.

A ti dán ọ̀ràn oúnjẹ yìí wò lára ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kó àgbàlagbà 459 jọ, wọ́n sì bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ 8. DASH ni a mọ ìwádìí náà sí, ọdún 1997 ni àbájáde rẹ̀ sì jáde. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní jẹ irú oúnjẹ tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ẹgbẹ́ kejì jẹ ẹ̀fọ́ àti èso púpọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ kẹta jẹ ẹ̀fọ́, èso àti wàrà tí a ti dín ọ̀rá rẹ̀ kù, ọ̀rá inú gbogbo oúnjẹ wọn sì dín. Wọn kò jẹ́ kí iyọ̀ ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, wọn kò sì jẹ́ kí ìwọ̀n ara yí padà. Síbẹ̀, bí a bá fi wọ́n wé ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, òǹkà òkè nínú ẹ̀jẹ̀ ríru fi 2.8 wálẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ kejì, ó sì fi 5.5 wálẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ kẹta. Nígbà tí wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 412, tí àbájáde jáde ní ọdún 2001, wọ́n dín iyọ̀ kù pọ̀ mọ́ oúnjẹ ẹgbẹ́ kẹta, òǹkà náà sì fi 8.9 wálẹ̀ sí ti àwọn tí ó ń jẹ oúnjẹ àtijọ́ pẹ̀lú iyọ̀ púpọ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí ìwádìí yìí sọ àti ohun tí kò sọ. Ó sọ pé oúnjẹ tí ẹ̀fọ́ àti èso pọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lára kódà bí ìwọ̀n kò bá dín, àti pé iṣẹ́ náà ń pọ̀ sí i bí iyọ̀ bá dín. Kò sọ pé ẹ̀fọ́ ń wo ẹsẹ̀ tí ó wú sàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n wọ̀n. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín ń gbé ilé kan náà. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìípọ̀ Akíńkùgbé (1933–2020) lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìbàdàn lórí àrùn méjèèjì yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú a máa ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín tí ó bàjẹ́ a sì máa mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ̀fọ́ láti ìgbà èwe ń tún odi ṣe kí olè tó dé ni.

4. Ẹ̀fọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa

Àwọn kan rò pé àfi ẹ̀fọ́ òyìnbó ni a lè fi ṣe èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ní tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, ewédú, gbúre, ebòlò, yánrin, worowo, òdú, ewúro, ìṣápá, ilá àti amúnútutù, tí orúkọ tirẹ̀ náà ń sọ iṣẹ́ tí àwọn àgbà gbà pé ó ń ṣe nínú. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, òṣùwọ̀n sì gbè é lẹ́yìn: nínú 100 gíráàmù tẹ̀tẹ̀ tútù, omi kó nǹkan bí gíráàmù 92, agbára rẹ̀ kò ju 23 kálórì lọ, pọ̀tásíọ̀mù rẹ̀ tó nǹkan bí 600 mílígíráàmù, sódíọ̀mù rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 20 lọ. Ewédú kò jìnnà sí i: kálórì 34, pọ̀tásíọ̀mù nǹkan bí 560. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí àgbàlagbà rí pọ̀tásíọ̀mù tí ó tó 3,510 mílígíráàmù lójúmọ́, kí ẹ̀fọ́ àti èso tí ó ń jẹ sì tó 400 gíráàmù. Ṣíbí ewédú méjì tí a ń dà sórí àmàlà kò tó.

Ní ti ìwọ̀n ara, ohun tí ẹ̀fọ́ ń ṣe kò ṣòro láti yé wa. Ikùn wa a máa mọ bí oúnjẹ ti pọ̀ tó ju bí agbára inú rẹ̀ ti tó lọ. 100 gíráàmù iṣu sísè ní kálórì tí ó lé ní 110. 100 gíráàmù gàárì gbígbẹ kò jìnnà sí 350. Bí ẹ̀fọ́ bá gba ipò díẹ̀ nínú àwo, a ó yó, agbára tí ó wọlé yóò sì dín. Barbara Rolls àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Pennsylvania dán èyí wò lára obìnrin 42, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2004. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn obìnrin náà ní àwo ńlá ewé tútù tí ọ̀rá kò pọ̀ nínú rẹ̀ kí oúnjẹ gan-an tó dé, agbára gbogbo ohun tí wọ́n jẹ níjòókòó náà fi ìdá 12 nínú 100 dín. Nígbà tí ọ̀rá pọ̀ lórí ewé náà, ọ̀rọ̀ yí padà: ohun tí wọ́n jẹ pọ̀ sí i ni.

5. Ọ̀dọ̀ alásè ni ẹjọ́ wà

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí ni ó gbé wa dé ìdí ààrò. Ẹ̀fọ́ kò ní ẹ̀bi. Ohun tí a ń fi sè é ni kí a yẹ̀ wò. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa ní nǹkan bí 120 kálórì. Ìdajì kìló tẹ̀tẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó da ìgò epo sí ẹ̀fọ́ rírò títí epo fi léfòó, tí ó sì ní òun ń jẹ ẹ̀fọ́ kí òun lè fúyẹ́, epo ni ó ń jẹ. N kò ní kí a lé epo kúrò nínú obẹ̀. Epo díẹ̀ ń jẹ́ kí ara gba oore inú ewé, ẹ̀fọ́ tí kò lépo rárá kò sì wu ènìyàn jẹ. Kí a fi ṣíbí wọ̀n ọ́n ni mo wí.

Ní ti iyọ̀, ohun tí a fẹ́ ni kí obẹ̀ dùn, ohun tí ń mú un dùn sì pọ̀ yàtọ̀ sí iyọ̀. Irú tí a kò fi iyọ̀ pò wà, àlùbọ́sà wà, ata wà, ẹja yíyan tí kò ní iyọ̀ wà. Ẹni tí ó bá ti fi máàgì sí obẹ̀ ti fi iyọ̀ sí i nìyẹn, nítorí iyọ̀ ni ó kó apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá tún bu iyọ̀ lé e, ó fi ọwọ́ òsì gba ohun tí ẹ̀fọ́ fi ọwọ́ ọ̀tún fún un. Kí a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ahọ́n yóò kọ́ adùn tuntun.

Omi tí a fi bọ ẹ̀fọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bí a bá bọ̀ ọ́ pẹ́ tí a sì da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú pọ̀tásíọ̀mù lọ pẹ̀lú omi. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ó sàn kí ó sè é fún ìgbà kúkúrú nínú omi ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbúre àti tẹ̀tẹ̀ ní èròjà kan tí ń jẹ́ ọ́sáléètì, tí ó lè di òkúta nínú kíndìnrín àwọn kan. Ẹni tí ó bá ti ní irú òkúta bẹ́ẹ̀ rí ni kí ó bọ̀ ọ́ kí ó sì da omi rẹ̀ nù.

6. Káún kì í ṣe ohun tí orúkọ òyìnbó rẹ̀ ń sọ

Mo fẹ́ ya káún sọ́tọ̀, nítorí orúkọ ti ṣì wá lọ́nà níhìn-ín. Pọ́táàṣì ni a ń pe káún nígbà tí a bá ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà sì jọ pọ̀tásíọ̀mù létí. Nítorí náà, àwọn tí ó kàwé díẹ̀ lè rò pé ọ̀rẹ́ kíndìnrín ni wọ́n ń fi sí ewédú. Káún tí ó ń ti ìhà adágún Ṣáàdì wá sí ọjà wa, sódíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe pọ̀tásíọ̀mù. Alásè ń fi í sí ewédú àti ilá kí ó lè yọ̀ kí ó sì tètè rọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ń wú tí ó sì ń jẹ ewédú oníkáún láàárọ̀ lálẹ́ ń da omi sínú agbọ̀n ni.

Ní Zaria, àwọn oníṣègùn kíyè sí ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ara wọn ń wú tí ọkàn wọn sì ń rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Davidson àti Parry tẹ ìwádìí kan jáde lórí wọn ní ọdún 1978. Wọ́n tọ́ka sí àṣà àwọn Hausa níbẹ̀, pé ìyá a máa mu ẹ̀kọ tí a fi káún sí fún ọjọ́ púpọ̀, a máa fi omi gbígbóná wẹ̀, a sì máa sùn lórí ibùsùn tí a dáná sí lábẹ́. Àwọn olùwádìí tí ó dé lẹ́yìn wọn jiyàn pé káún kọ́ ni ó ń dá àrùn ọkàn náà sílẹ̀, àríyànjiyàn náà sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n bóyá káún ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí òun kọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kò nílò ẹrù iyọ̀ kún ẹrù tí ó ń gbé. Ìjábẹ̀ wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni tí ó bá já ewédú rẹ̀ dáadáa kò ní wá káún tì.

7. Ibi tí agbára ẹ̀fọ́ pin sí

Mo dé ibi tí ó jẹ mí lógún jù. Wíwú kan wà tí kò yẹ kí a fi ẹ̀fọ́ wò rárá, kí a tó sáré dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Èkíní, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú lójoojúmọ́ tí kò fà ní òwúrọ̀, tàbí bí ojú bá ń wú láàárọ̀, tí ìtọ̀ ń hó bí ọṣẹ tàbí tí ó dín kù, ọ̀ràn kíndìnrín lè ni. Bí mímí bá ń nira nígbà tí a bá dùbúlẹ̀, ó lè jẹ́ ọkàn. Bí ikùn bá ń kún fún omi, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀.

Èkejì, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì tí ó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan rẹ̀. Ìyẹn kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Ẹ̀kẹta, aboyún. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aboyún a máa wú díẹ̀, kò sì léwu. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá wú lójijì, tí orí ń fọ́ ọ tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí a má ṣe fi ẹ̀fọ́ tàn án. Kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹrin, ọmọdé. Ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, Cicely Williams kọ nípa àwọn ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú ní ọdún 1933. Ní ọdún 1935 ni ó fi orúkọ kwashiorkor, tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn Gã, sínú ìwé. Àwọn ọmọ tí ó rí ti kúrò lẹ́nu ọmú, àgbàdo ni wọ́n sì ń jẹ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ìtọ́jú oníṣègùn àti oúnjẹ amúaradàgbà bí ẹyin, ẹja, wàrà àti ẹ̀wà. Ewé nìkan kò lè gbà á là. Ẹ̀kọ́ àgbàlagbà náà wà níbẹ̀: ẹni tí ó bá fi ẹ̀fọ́ nìkan ṣe oúnjẹ fún oṣù púpọ̀ ń fi ebi pa ẹran ara rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, àti èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: pọ̀tásíọ̀mù tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ kíndìnrín tí ó le lè di ọ̀tá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò rí i tọ̀ dànù mọ́, bí ó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè dáwọ́ lílù dúró. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà wà tí ń dá pọ̀tásíọ̀mù dúró sí ara. Bákan náà, ẹni tí ó ń lo irú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tí a ń pè ní warfarin kò gbọdọ̀ ṣàdédé yí ìwọ̀n ẹ̀fọ́ tí ó ń jẹ padà, nítorí fítámì K inú ewé a máa dí oògùn náà lọ́wọ́. Kí irú àwọn wọ̀nyí bá oníṣègùn wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kó ewé jọ. Nígbà tí mo mọ èyí ni mo tó rí i pé oṣù mẹ́ta tí ìyá wa fi jẹ ẹ̀fọ́ lè jẹ́ ẹrù kún ẹrù fún un.

8. Ìparí

Ẹ jẹ́ kí n ká ọ̀rọ̀ mi jọ. Ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa ní omi púpọ̀, agbára díẹ̀, àti pọ̀tásíọ̀mù tí ó pọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí ó bá ń jẹ ẹ́ dáadáa, tí ó dín iyọ̀ àti káún kù, tí ó ń wọn epo, tí ó jẹ́ kí òkèlè rẹ̀ kéré kí ẹ̀fọ́ rẹ̀ sì pọ̀, omi àṣejù kò ní ráyè dúró sí ara rẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò sì máa rọra wálẹ̀. Kò ní yá bí ó ti ń wù wá, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ lára. Ẹni tí ara rẹ̀ ń wú nítorí àrùn, ìdí àrùn náà ni kí a kọ́kọ́ wá.

Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó sọ ẹ̀fọ́ ní ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ kò ṣìnà. Yọ̀kọ̀tọ̀ tí wọ́n wí ni ara tí ó le tí ó sì ń dán, kì í ṣe ara tí ọwọ́ ń tẹ̀ tí ó ń dá kòtò. Iṣẹ́ àwa onímọ̀ èdè ni kí a dá ọ̀rọ̀ padà sí àyè rẹ̀, kí wíwú máa jẹ́ wíwú, kí sísanra máa jẹ́ sísanra.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí n tó jókòó. Bí ẹ bá dé ilé, tí ẹ bá àwọn ìyá àti bàbá yín tí ara wọn kún, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ kí wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn.